Iṣẹ́ Iná ní Alímọ̀ṣọ́: Ta Ni Yóò Ṣe É?

Ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni ó ń gba iṣẹ́ ńlá nígbà náà. Ọmọ onílẹ̀ ń fa wáyà lábẹ́ wọn.

Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ Gómìnà, láti 1979 sí 1983, ó kọ́ ilé Abẹ́sàn sí Ìpájà. Lónìí, ilé ti kún Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá lè so wáyà mọ́ wáyà ni ó ń pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ iná. Wáyà tín-ín-rín tí a di ẹrù wúwo lé yóò gbóná, yóò sì jó ilé.

Àtúnṣe Òfin Ìpìlẹ̀ ti 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ lórí iná. Èkó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2024. Àwa rọ Ìjọba pé kí ó yọ ìpín iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ìbílẹ̀ tí ó ní ìwé-ẹ̀rí, kí àwọn náà sì gba akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Ọwọ́ Ìjọba, Ìkòtún, sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú tín-ín-rín iṣẹ́ yìí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ lọ sí òde.