Ọkọ̀ Wo Ni Ó Yẹ Ẹni Tí Ó Fẹ̀yìn Tì?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ti di alágbàtà ọkọ̀ o. Olùkọ́ Yorùbá ni mí láti ọdún 1986 títí di ọdún 2021 tí mo pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, olùkọ́ náà ni mo sì jẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn tí a jọ fẹ̀yìn tì ń bi mí ṣáá: "Ìyá Bùsọ́lá, irú ọkọ̀ wo ni kí ènìyàn rà?" Ìdáhùn mi kò gùn: ọkọ̀ kékeré ni. Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí mo ti rí ohun tí ìdáhùn mìíràn ń fà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà, ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀yìn ti nǹkan, nǹkan náà ni ó ń gbé e ró. Igi lè jẹ́, ògiri lè jẹ́. Bí ohun tí a fi ẹ̀yìn tì bá yẹ̀, ilẹ̀ ni a ó bá ara wa. Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá sọ pé ènìyàn fẹ̀yìn tì, kì í ṣe ìsinmi nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń béèrè pé kí ni ó fẹ̀yìn tì. Owó oṣù ti dópin. Owó ìfẹ̀yìntì ni ó kù, àti ọmọ, àti ìlera. Ohunkóhun tí a bá fi owó àjẹmọ́nú wa rà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí yóò gbé wa ró. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí tí àwọn ẹgbẹ́ mi rà, ọkọ̀ ni ó máa ń tètè yẹ̀ jù.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ gba ìwé iṣẹ́, tí a sì jọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí owó rẹ̀ dé, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní jíìpù ni ó yẹ ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó ra jíìpù tòkunbọ̀, onísílíńdà mẹ́fà. Ọkọ̀ náà dùn ún wò. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé e dé ibi ìnáwó, gbogbo wa ni a dìde lórí ìjókòó. Nígbà tí ó di ọdún kejì, jíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Owó tí mẹkáníìkì pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́wàá. Ó fi tapólì bò ó. Ní òru ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ ru sókè. Jíìpù wà ní àgbàlá, síbẹ̀ kò sí ọkọ̀ nílé. Táksí kékeré tí aládùúgbò bá wọn pè ni ó gbé bàbá náà dé ilé ìwòsàn. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, bàbá yè. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà, òun kò lè wo jíìpù yẹn lójú mọ́. Ó tà á ní iye tí kò tó ìdajì owó tí ó fi rà á.

Ẹ má ṣe bá a wí. Nígbà tí ó ra ọkọ̀ náà, epo kò tíì wọ́n tó báyìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí a ń rà ní nǹkan bíi 190 náírà ti kọjá 480 náírà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bíi 1,000 náírà, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a fi 1,000 náírà ṣe ìṣirò, nítorí ó rọrùn láti kà. Ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín lítà 1.0 sí 1.3, bí ara rẹ̀ bá dá, lè fi lítà 7 rin 100 kìlómítà. Jíìpù onísílíńdà mẹ́fà lè mu lítà 14 kí ó tó rin ìwọ̀n kan náà, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí àgbàlagbà kan bá ń wa 500 kìlómítà lóṣù, 35,000 náírà ni epo ọkọ̀ kékeré, 70,000 náírà sì ni ti jíìpù. 70,000 náírà yìí gan-an ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ń wa jíìpù ti gba òṣìṣẹ́ kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa mu epo lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé èdè wa ti dáhùn ìbéèrè yìí kí a tó bi í. Ẹ wo orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọkọ̀ yìí: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ohun tí ń yọ́ rìn, tí ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọn kò pè é ní ọkọ̀ afọ́nnu. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, Ìjàpá ni àwọn ènìyàn ń pe Beetle, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí roboto. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà náà ní ọ̀kan. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, kò sì ní rédíétọ̀ tí omi rẹ̀ lè gbẹ lójú ọ̀nà. Ó kéré, kò yára, ó sì ń dé ibi tí ó ń lọ. N kò rántí ẹnì kan tí ó fojú kéré ọ̀gá wa nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni tòkunbọ̀ dé. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni à ń sọ ní Tòkunbọ̀. A wá fi orúkọ náà pe ọkọ̀ tí àwọn ará òkè òkun ti lò kí ó tó dé ọwọ́ wa. Orúkọ náà dára. Ó ń rán wa létí pé ọkọ̀ náà ti ní ìtàn kí ó tó mọ̀ wá, àti pé ẹni tí yóò rà á gbọ́dọ̀ wádìí ìtàn náà. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó kó bá wa ni bọ̀gìnnì. Láti ìgbà tí ọkọ̀ bọ̀gìnnì ti wọ inú ọ̀rọ̀ wa ni ọkọ̀ ti di oyè, a sì mọ bí ó ti ṣòro tó láti bọ́ oyè sílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi fúnra mi, Nissan Micra ni mo rà, ìran èyí tí ó jáde ní ọdún 1992, tí àwọn akọ̀ròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù sì fi ṣe ọkọ̀ ọdún 1993. Ó ti dàgbà, èmi náà sì ti dàgbà. Ìbàdàn ni mo ń gbé, ẹni tí ó bá sì mọ Ìbàdàn ti mọ ohun tí ń bọ̀: Máíkírà ni táksí wa. Nígbà tí mo sọ fún ọmọ mi tí ó wà ní London, ó ké: "Mọ́mì, Máíkírà kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ máa gbé èrò ni?" Mo ní bí epo bá tún wọ́n sí i, n ó gbé e. Ṣùgbọ́n nítorí pé táksí ni gan-an ni mo ṣe rà á. Ohun tí awakọ̀ táksí ń fi jẹun láti àárọ̀ dé alẹ́ kò lè jẹ́ ohun tí ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n tú, kò sí ríwáyà tí kò mọ wáyà rẹ̀. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kún ọjà Ararọ̀mí ní Géètì, tuntun àti àlòkù. Bí mẹkáníìkì kan bá pe owó tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo ń gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò rọrùn fún mi o. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ènìyàn a na ọwọ́, "Dùgbẹ̀!" "Chálẹ́ńjì!" Mo máa ń gbé gíláàsì sókè, inú a sì máa bí mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ti ọjà Bódìjà bọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó pọn ọmọ ké pé, "Mókóla!" Ọkọ̀ iwájú mi ti dúró, èmi náà sì dúró. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ti jókòó. Nígbà tí ó rí i pé n kò gbé ẹlòmíràn, ó yọjú wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ kì í ṣe onítáksí ni?" Mo ní rárá, ṣùgbọ́n Mókóla ni èmi náà ń gbà kọjá. Ojú tì í títí a fi dé ibẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó gbàdúrà fún mi. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá na ọwọ́ sí mi, ẹ̀rín ni mo ń rín.

N kò ní parọ́ fún yín: jíìpù ní àǹfààní tirẹ̀. Nígbà òjò, tí omi bá bo títì, ọkọ̀ gíga ń kọjá níbi tí tèmi ti ń dúró wò. Abẹ́ ọkọ̀ mi ti kọlu òkúta ní ọ̀nà abúlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ó bá sì di ojú ọ̀nà márosẹ̀ láàárín àwọn tírélà, ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kékeré mọ̀ pé kékeré ni òun. Nítorí èyí, n kì í wa ọkọ̀ mi lọ sí Èkó. Ọkọ̀ èrò ni mo ń wọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ̀yìn tì sí oko, tí ó ń kó irè lọ sọ́jà, pikọ́ọ̀pù ni kí ó wá. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà níbi tí ọ̀nà kò dára rárá, kí ó ra ọkọ̀ tí ó ga. Ohun tí mo lòdì sí ni kí ènìyàn fi ìnáwó mẹ́ta ọdún kan yan ọkọ̀ tí yóò wà fún ọjọ́ tí ó ju 300 lọ. Ẹ ka ìrìn yín lórí ìwé: ọjà, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ. Kò sí èyí tí ọkọ̀ kékeré kò lè ṣe nínú rẹ̀. Bí ìnáwó ńlá bá dé, ẹ háyà ọkọ̀ fún ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí orúnkún bá kọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ náà kéré jù tàbí ó lọ sílẹ̀ jù. Jíà ọ́tò tu ẹsẹ̀ òsì lára, ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń wọ́n ju ti mánúà lọ. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ti tan iná sí i. Bí èéfín rẹ̀ bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ílì ni ó ń jẹ. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á. Ẹ tan éṣì, ẹ gbé e gun òkè Mápó. Ẹ yẹ ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ wò. Ẹ má sì ná gbogbo owó tán sórí rẹ̀. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ fún táyà, bírékì àti ohun tí ojú kò tíì rí. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ lọ yẹ ojú yín wò. Èmi kì í wakọ̀ lálẹ́ mọ́, nítorí iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú ti ń bò mí lójú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Tiyín náà ni. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń sọ pé, "Mọ́mì, kò yẹ yín," "Dádì, àwọn ènìyàn á máa wò yín." Jíìpù ọ̀rẹ́ mi, ìfẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi tì í rà á; kò sí èyí tí ó fẹ́ ibi fún un. Ṣùgbọ́n ní òru tí ẹ̀jẹ̀ bàbá wọn ru, kò sí ọ̀kankan nínú wọn nílé. Nígbà tí ó bá kan òbí yín, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ àti iye tí ń wọlé fún wọn lóṣù, kí ẹ tó dárúkọ ọkọ̀ kankan.

Àárọ̀ ọ̀la, mo ń lọ sí Bódìjà. Bí ẹ bá rí Máíkírà tí ìyá arúgbó kan ń wà, tí kò dúró nígbà tí ẹ na ọwọ́, ẹ má bínú. Bí ó bá sì dúró, ẹ wọlé.

Ire o.