Imú Gbẹ́nàgbẹ́nà Kì í Ṣe Asẹ́

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà etíkun láti Accra lọ sí Teshie kò lè ṣàì rí àwọn pósí tí a gbẹ́ ní àwòrán ẹja, àkùkọ, ọkọ̀ òfuurufú àti èso kòkó. Seth Kane Kwei, ọmọ Teshie tí ó di olóògbé ní ọdún 1992, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1989 a pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Paris, àwọn òyìnbó sì wò ó bí ìran. Inú wa dùn pé ọwọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti ní ọ̀pọ̀ àgbàlá ilé ní Accra níbi tí a ti ń kan àga, ibùsùn àti ilẹ̀kùn, tí olùwòran kì í fiyè sí. Ohun náà ni eruku igi, òun ni a sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Igi wawa ni wọ́n sábà máa ń fi gbẹ́ àwọn pósí wọ̀nyí. Òun ni àwa ń pè ní arère. Odum tiwọn kò yàtọ̀ sí ìrókò wa. Ààlà ilẹ̀ kò yí igi padà, kò sì yí eruku rẹ̀ padà. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Àjàṣẹ́ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Accra nìkan ni à ń sọ.

Àwọn baba wa ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Igi tí ń bọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà náà ni ó lè gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé eruku arère lè fa ikọ́ fée fún àwọn kan, àti pé eruku ìrókò a máa mú kí ara yún ènìyàn, a sì máa dí èémí. Èyí tí ó burú jù ni jẹjẹrẹ inú imú. Ní High Wycombe, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ mọ́ àga kíkàn, oníṣẹ́-abẹ imú kan, Esme Hadfield, ṣàkíyèsí pé àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n yìí ń mú àwọn akàngá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1995, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní Lyon ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Àrùn náà kì í yára. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, lè kọjá kí ó tó yọjú. Ìdí nìyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin fi lè máa fọ́nnu pé eruku kò ṣe òun ní nǹkan kan.

Kí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa fi ń dáàbò bo ara wọn? Ẹlòmíràn a so àǹkáṣíìfù mọ́ imú. Ẹlòmíràn a lo ìbòmú aláṣọ tí ó ṣẹ́kù láti ìgbà àrùn kòrónà ti ọdún 2020. Èérún tí à ń gbá nílẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá tí ó le jù. Ìyẹ̀ kíkúnná tí ojú kò lè rí, tí ó ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ, òun ni ó ń dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ihò ara aṣọ tóbi jù fún un. Ibi tí aṣọ kò bá sì ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni ó ń gbà wọlé bí àlejò tí a ṣílẹ̀kùn fún.

Ẹni tí ó bá ń ra ìbòmú, kí ó ka ohun tí a kọ sí i lára. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: FFP1 gbọ́dọ̀ dá ó kéré tán 80 dúró nínú ọgọ́rùn-ún èérún tí a fi dán an wò, FFP2, 94, FFP3, 99. N95 ti Amẹ́ríkà ń dá 95 dúró. Èrò wa ni pé FFP2 tàbí N95 ni ó yẹ kí ó kéré jù fún ẹni tí ń fi ayùn ọwọ́ rẹ́ igi. Nígbà tí a bá ń lo ẹ̀rọ oníná, tàbí tí a bá ń fi sáńpépà dán igi, FFP3 ni kí a lò, gẹ́gẹ́ bí àjọ tí ń bójú tó ààbò iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba àwọn oníṣẹ́ igi níyànjú. Ẹni tí iṣẹ́ yìí jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lè ra ìbòmú onírọ́bà tí a ń pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀, nítorí ó ń pẹ́ lọ́wọ́. Kí a sì rántí pé asẹ́ eruku kò lè dá òórùn ọ̀dà tí à ń fọ́n sára igi dúró. Asẹ́ tí ó ní èédú nínú ni a ṣe fún ìyẹn.

Ìbòmú tí kò bá lẹ̀ mọ́ ojú, asán ni. Èyí tí okùn rẹ̀ méjèèjì yí orí ká sàn ju èyí tí a fi kọ́ etí lọ. Kí a tẹ irin orí imú rẹ̀ mọ́ imú dáadáa. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kí ó lẹ̀. Kí onírùngbọ̀n fá a. Kí a má sì fi ìbòmú kọ́ ìṣó nínú eruku tí à ń sá fún. Kí a fi pamọ́ sínú ọ̀rá tí ó mọ́, kí a sì sọ ọ́ nù nígbà tí mímí láti inú rẹ̀ bá di iṣẹ́.

Síbẹ̀ ìbòmú ni odi ìkẹyìn. Kí a kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ síta, níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbé eruku kúrò lọ́dọ̀ wa àti lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Kí a wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó gbálẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó so ẹ̀rọ tí ń fa eruku mọ́ ayùn rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ ti ilẹ̀ Gánà, ti ọdún 2003, pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ pèsè ohun ìdáàbòbò fún òṣìṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n nínú àgbàlá níbi tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ti jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ta ni yóò bá a wí? Òun fúnra rẹ̀ ni. Bí ó bá sì gba ọmọ-iṣẹ́, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ti wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

A mọ̀ pé ooru Accra kì í jẹ́ kí ìbòmú tu ara, a sì mọ̀ pé owó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tí yóò ní òun kò ní ra ayùn nítorí pé owó ṣọ̀wọ́n. Kí ó ka ìbòmú mọ́ irinṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi owó rẹ̀ kún iye tí ó ń pè fún oníbàárà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Kí ẹ fi ìbòmú wíwọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ kan náà tí ẹ bá kọ́kọ́ fi ayùn lé wọn lọ́wọ́. Bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbà ni ó ń mọ ibi tí yóò wó sí. Orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fi èémí àwọn ọmọ rẹ̀ san owó igi.