Ẹ Da Orúkọ Inú Itẹ́ Òkú Kọ

Àwọn tó dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì máa ń dárúkọ itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí nígbà tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, òun àti ọ̀pọ̀ Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó hú ibẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù rí àyè nínú Kàtídírà Màrínà. Àwọn tí kò jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Orí wọn ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa fẹ́ tún itẹ́ òkú wa ṣe, kànrìnkàn onírin àti ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n gbé dé. Mo ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Irin a máa ha lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Bí kò bá ṣeé kà síbẹ̀, ẹ padà wá láàárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ń ta sí i láti ẹ̀gbẹ́, òjìji á gbé lẹ́tà jáde.

Báyìí la ṣe ka òkúta kan lẹ́bàá ọgbà: ‘ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá’, ọdún 1948, ẹsẹ Bíbélì kan. Orúkọ obìnrin náà gan-an kò sí níbẹ̀. Ìwé ìsìnkú ìjọ ló tọ́ka agboolé rẹ̀ fún wa. Mo bá ìyá àgbà kan níbẹ̀, mo kí wọn, mo béèrè.

“Ìyá Aláró lò ń bi mí yẹn?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní ilé ọkọ wọn yẹn, owó aró ló kọ́ ọ.” Wọ́n ní kí n wo ẹ̀yìnkùlé. Ìkòkò aró méjì ṣì wà níbẹ̀, adìyẹ ló ń yé sínú ọ̀kan.

Àwọn kan á ní kí a má da òkú láàmú, pé ilé ni Yorùbá ti ń sin òkú, oríkì la sì fi ń rántí wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkú inú ilé ní ọmọ tó ń ki í láràárọ̀. Ta ló ń ki ti inú itẹ́ òkú tó ti di igbó yìí?

Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀. Ẹ ya fọ́tò òkúta kọ̀ọ̀kan, ẹ da gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ kọ, títí kan àṣìkọ. Kí ìjọba tàbí ìjọ kankan má sì hú sàréè láìjẹ́ pé wọ́n ti ka orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ sórí rédíò kí ẹbí gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ìyá tó mọ Ìyá Aláró ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Òkúta lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.