Ẹ Jẹ́ Ká Rí Àwọ̀ Náà: Ọ̀rọ̀ Báńkì àti Owó "Pending" ní Sango-Ọ̀tà

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Tí ìparí oṣù bá dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá bá tú jáde nírọ̀lẹ́, ẹ lọ dúró lábẹ́ bíríìjì Sango. Ẹnu gbogbo oní-POS, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa." Èmi ní ọ̀rọ̀ yẹn ò tó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo? Ti ta ni? Láti aago mélòó?

2/ Ẹ jẹ́ ká wo bí owó ṣe ń rìn. Tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn, NIBSS ló sábà máa ń wà láàárín. Ọdún 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀, CBN àti àwọn báńkì ló ni ín. Ní 2011 ni ètò NIP wọn bẹ̀rẹ̀, òun ló ń gbé owó dé lójú ẹsẹ̀.

3/ Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà báńkì kan kì í gbọ́ èdè ti èkejì. Ẹlòmíì ń lo Finacle, ẹlòmíì ń lo Flexcube. Software kan ló máa ń dúró láàárín bí ògbufọ̀. Adapter ni àwọn tó ń kọ ọ́ ń pè é. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún, ó túmọ̀ rẹ̀ sápá òsì. Bí iṣẹ́ bá wọ ògbufọ̀ yìí lọ́rùn, owó á ti kúrò lọ́wọ́ yín, kò sì ní tíì dé ibi tó ń lọ. Ohun tí fóònù yín á kọ ni "Pending."

4/ Báwo ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé ògbufọ̀ kan ti ń lọ́ra? Ọ̀nà kan tó dáa gan-an ni heatmap. Ẹ fojú inú wo pátákó tí wọ́n pín sí àpótí kéékèèké. Láti òsì sí ọ̀tún, aago ló ń lọ. Láti ìsàlẹ̀ sókè, iye ìṣẹ́jú àáyá tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà ni. Àpótí tí iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ki. Èyí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ á funfun.

5/ Kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe tuntun. Ní 1873, Toussaint Loua ti fi àpótí aláwọ̀ ṣàlàyé bí àwọn àdúgbò Paris ṣe rí. Ní 2010, Brendan Gregg kọ àpilẹ̀kọ lórí bí a ṣe ń fi irú àwòrán yìí wo ìdádúró nínú kọ̀ǹpútà.

6/ Kí ló dé tí mo fi ń pariwo rẹ̀? Nítorí ohun tí àwọn ọ̀gá fẹ́ràn láti máa kà fún wa ni ìpíndọ́gba. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Èèyàn 100 fi owó ránṣẹ́. Ti 97 gba ìṣẹ́jú àáyá 2. Ti èèyàn 3 gba ìṣẹ́jú 5 gbáko. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 11.

7/ Ọ̀gá á wá jáde, á ní "ìṣẹ́jú àáyá 11 péré ni." Irọ́ aláwọ̀ òótọ́! Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn 100 yẹn tó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 11. Lórí heatmap, ẹ máa rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìlà kan tó ki nísàlẹ̀, àti àwọn àpótí kan tó dá wà lókè lọ́hùn-ún. Àwọn tó wà lókè yẹn, àwa ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

8/ Bẹ́ẹ̀ náà ni "iṣẹ́ wa dúró digbí ní ìdá 99.9 nínú 100." Ó dùn létí, àbí? Nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30, ìdá kékeré tó kù yẹn jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 43. Tó bá bọ́ sí aago mẹ́ta òru, ta ló kàn? Tó bá bọ́ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ owó oṣù, ìjà ló máa dá sílẹ̀ ní Joju: "Mummy, owó mi dà? Ẹ wo fóònù mi, wọ́n ti yọ ọ́!" "Ọmọ mi, kò tíì wọlé sọ́dọ̀ mi." Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́. Àwọn méjèèjì náà ló máa pe ara wọn lólè.

9/ Èmi náà ti jókòó wákàtí méjì ní ilé oníkẹ́mísì kan ní Ọ̀tà. Owó oògùn ìyá mi ti kúrò lákáǹtì mi, alert ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò ní dárúkọ báńkì náà. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Ká ní wọ́n sọ fún mi kí n tó tẹ̀ ẹ́ pé ọ̀nà yẹn ti dí, mi ò bá wá owó sí ọwọ́.

10/ Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun wọ́n bí ojú. Gbogbo wa ya lu fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, owó sì ń há sọ́nà. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Sterling bọ́ sórí SeaBaaS. Ní oṣù kẹwàá, GTBank bọ́ sórí Finacle. Àwọn oníbàárà kígbe. Mi ò sọ pé kí báńkì má pààrọ̀ ètò rẹ̀ o. Tí kọ̀ǹpútà ìdí bá yí padà, gbogbo ògbufọ̀ tó so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ kọ́ èdè tuntun. Àsìkò yẹn gan-an ló yẹ ká máa rí àwọ̀ wọn.

11/ Wọ́n á ní kò ṣeé ṣe. Ní Íńdíà, NPCI tó ń bójú tó UPI máa ń gbé e síta lóṣooṣù: orúkọ àwọn báńkì ńláńlá, àti ìdá tó já nínú iṣẹ́ wọn. Wọ́n tiẹ̀ ya àṣìṣe ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti oníbàárà tó tẹ PIN tí kò tọ́. Infosys ti Íńdíà ló ṣe Finacle. Ẹ rìn dé Íńdíà lọ ra software, kí ló dé tí ẹ ò ra àṣà yìí bọ̀?

12/ Wọ́n tún á ní àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì á rí ọ̀nà wọlé. Jọ̀ọ́, ta ló béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín? Àwọ̀ ni mo ní kí ẹ fi hàn: báńkì wo, fífi ránṣẹ́ àbí gbígbà, láàárín wákàtí tó kọjá. "Oníbàárà á sá lọ" ńkọ́? Tó bá jẹ́ àìmọ̀ ló dá a dúró lọ́dọ̀ yín, kò yẹ kó wà níbẹ̀.

13/ Nítorí náà: kí NIBSS gbé heatmap ọ̀nà báńkì kọ̀ọ̀kan síta, kí ẹnikẹ́ni lè ṣí i lórí fóònù. Kí CBN sọ ọ́ di dandan. Kí gbogbo áàpù kìlọ̀ fún wa kí a tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ti ń gbìyànjú rẹ̀, mo kí wọn.

14/ Ìyá oní-POS tó wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kò nílò oyè kọ̀ǹpútà kó tó mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Tó bá rí i pé ọ̀nà báńkì kan ti pupa, á sọ fún oníbàárà pé, "Ọmọ mi, lo káàdì kejì." Ìjà ti parí nìyẹn. Ẹ tag báńkì yín síbí, ẹ bi wọ́n: àwọ̀ wo lẹ wà báyìí?