Gómìnà, ẹ jẹ́ ká dárúkọ aláàárù náà

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú,

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, ìjọba máa ń gbé òdòdó sílẹ̀ ní Tafawa Balewa Square fún àwọn ológun tó ti kú. Wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn òkú ogun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dárúkọ lọ́jọ́ náà: àwọn aláàárù.

Bí àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó bá ní “Sọ́jà Ìdúmọ̀tà”, ère méjì tó wà ní Ìdúmọ̀tà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ọ̀kan jẹ́ sọ́jà, èkejì jẹ́ aláàárù tó ń ru ẹrù ogun. James Alexander Stevenson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi idẹ ṣe wọ́n ní ìrántí Ogun Àgbáyé Kìíní. Kí wọ́n tó kó àwọn ère náà lọ sí Àbújá, níbi tí wọ́n wà báyìí, orúkọ sọ́jà ti gbé aláàárù mì lẹ́nu àwa ará Èkó fúnra wa.

Bẹ́ẹ̀ orí aláàárù ni ogun náà gùn. Ní Kamẹrúùnù láti 1914, àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn 1916, mọ́tò kò ríbi gbà nínú igbó, àìsàn tí eṣinṣin ń gbé kiri sì ń pa ẹṣin. Orí èèyàn ló gbé ọta, oúnjẹ àti ìbọn ńlá. Àìsàn àti ebi pa wọ́n ju ọta lọ. Ní 2021, àjọ tó ń tọ́jú ibojì ogun fún àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì gbà pé ó kéré tán, 116,000 èèyàn tó kú nínú ogun náà, ó sì lè tó 350,000, ni wọn kò fi orúkọ rántí tàbí tí wọn kò rántí rárá. Ará Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ wo ohun tí orúkọ ń ṣe. Nígbà tí ìjọba wó itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀, egungun Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ríbi lọ: Kàtídírà tó wà ní Marina ló gbà á. Ta ni yóò gba egungun ẹni tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan?

N kò ní kí ẹ bá Àbújá jà nítorí ère. Mo mọ̀ pé ọjà ti gba Ìdúmọ̀tà pátápátá (àyè ẹsẹ̀ gan-an ṣọ̀wọ́n níbẹ̀), ṣùgbọ́n òkúta ìrántí kò gba àyè púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìjọba Èkó bá àjọ tí mo wí yẹn ṣiṣẹ́, kí wọ́n yẹ ìwé àtijọ́ àti ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wò, kí wọ́n sì bi àwọn ìdílé léèrè. Orúkọ tí wọ́n bá rí, kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta, kí wọ́n sì gbé òkúta náà sí Ìdúmọ̀tà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní tó ń bọ̀, sà, kí ẹ tó gbé òdòdó sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ àwọn aláàárù pẹ̀lú.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Èkó kan