Ẹ Fi Àṣá Sílẹ̀, Eku Ni Kẹ́ Ẹ Bá Jà

Ọ̀rọ̀ tòní lè bí àwọn kan nínú, àmọ́ a óò sọ ọ́: ẹni tó ń fi ìbọn àti májèlé pa àṣá, eku ló ń bá ṣiṣẹ́.

A mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. "Ọ̀gá, ṣé òròmọdìẹ tiyín ni àṣá ń gbé?" Òótọ́ ni, ó ń gbé òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní òròmọdìẹ ò mọ àwòdì, ìyá ẹ̀ ló mọ àṣá. Àwa tá à ń sin adìẹ ni ìyá yẹn. Ẹ dé wọn mọ́ abẹ́ àgò, tàbí kẹ́ ẹ ta àwọ̀n sórí ọgbà wọn títí wọ́n á fi dàgbà díẹ̀. Ẹ wá fi owó àwọ̀n wé owó àgbàdo tí eku ń jẹ lọ́dún kan.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bá a bá ti dáná sun oko, kí lẹ máa ń rí lókè èéfín? Àwòdì ni. Tata àti eku tó ń sá fún iná ni wọ́n ń gbé. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Kì í ṣe àwa nìkan là ń pa wọ́n. Ní Messina, nílẹ̀ Ítálì, níbi tí òkun ti há, irú àṣá kan tí wọ́n ń pè ní honey buzzard máa ń kọjá lóṣù Kẹrin sí ìkarùn-ún. Ìdin inú ilé agbọ́n ló ń jẹ. Bí òtútù bá dé sí Yúróòpù, igbó Áfíríkà, títí dé apá ìwọ̀ oòrùn tiwa, ni wọ́n ń sá wá. Oṣù yẹn ni wọ́n ń padà sílé. Àwọn tó ń kà wọ́n á dúró sórí òkè láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ìwé àti bírò lọ́wọ́. Bí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná, tí atẹ́gùn gbígbóná ń ròkè, ẹyẹ á máa yí po lókè láìju apá. Lọ́jọ́ tó bá dáa, wọ́n lè ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Nígbà kan, ìbọn ló ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin tí kò bá pa ọ̀kan, ìyàwó ẹ̀ á yan àlè! Láti 1981 ni Anna Giordano, ọ̀dọ́langba nígbà náà, ti gbéjà ko àwọn ọdẹ yẹn. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, kò yẹsẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Goldman ní 1998. Ìbọn ti dínkù gan-an níbẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn o. Àwa náà ń pa òwìwí, a ní ẹyẹ àjẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ eku ló ń jẹ lóru. À ń ra orí igún lọ́jà fún oògùn. Igún tó máa ń kún odò ẹran dà? Ẹyin kan péré ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Eku ńkọ́? Oyún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ rẹpẹtẹ. Ẹ ṣírò ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta májèlé, ẹ gbọ́: ọ̀pọ̀ eku tó jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á máa ta gìẹ́gìẹ́ kiri, àṣá á gbé e, òun náà á kú. Ajá lè jẹ ẹ́. Ọmọ tó ń dẹ eku lè gbé e wá sídìí iná.

Ẹ dẹ pàkúté. Ẹ ro ẹ̀bá àká mọ́. Ẹ má gé gbogbo igi gíga inú oko, ibẹ̀ ni àṣá ń bà sí tó fi ń ṣọ́ eku. Ẹ pín in dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò yín.