Kọ̀ǹpútà Ti Fi Ibi Tí A Ó Ta Ọfà Sí Hàn: Ta Ni Yóò Ta Á?

Ní ọdún 2021, nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kano, ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Sabon Gari bi mí ní ìbéèrè méjì tí n kò dáhùn bí ó ti yẹ. Ó ní: "Ọmọ mi, ìwọ tí o ń túmọ̀ ìwé fún ìjọba, abẹ́rẹ́ tí wọn kò fi ju ọdún kan lọ ṣe yìí, báwo ni wọ́n ṣe tètè mọ ohun tí wọn yóò fi sínú rẹ̀? Àti pé ara ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe é, ara tiwa ni tàbí ara òyìnbó?" Èsì mi kò ju ohun tí ó wà nínú ìwé ìkéde lọ: pé kí ó má bẹ̀rù, kí ó lọ gbà á. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọjú sí oníbàárà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè èsì.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìbéèrè àkọ́kọ́. Kòkòrò kòrónà, bí ó ti kéré tó, ní àkọsílẹ̀ àbùdá tirẹ̀, tí ó tó nǹkan bí 30,000 lẹ́tà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ṣáínà gbé e jáde fún gbogbo ayé. Inú àkọsílẹ̀ yìí ni ìlànà wà fún ṣíṣe àwọn purotéènì tí kòkòrò náà fi ń ṣiṣẹ́. Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn: oríṣi ẹyọ 20 ni ó wà, bí a bá sì ṣe tò wọ́n ni yóò sọ irú iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ẹ̀gún tí ó yọ sí ara kòkòrò náà, èyí tí ó fi ń ṣí ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì ara wa, jẹ́ ẹyọ 1,273.

Nígbà tí kòkòrò bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì a máa gé purotéènì rẹ̀ wẹ́wẹ́, a sì máa pàtẹ rẹ̀ síta, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń pàtẹ ọjà. Àwọn ọmọ ogun ara a máa rìn kiri wo orí àtẹ; bí wọ́n bá rí ọjà àjèjì, wọ́n a gbógun ti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ègé ni ó lè jókòó lórí àtẹ. Bí a bá gé ẹ̀gún yìí ní ẹyọ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ègé 1,265 ni a ó rí. Bí a bá fẹ́ fi ọwọ́ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú oríṣiríṣi àtẹ tí ó wà lára ọmọ aráyé, ọdún yóò gorí ọdún. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣa á láàárín àkókò díẹ̀: ó ń mú èyí tí kò lè jókòó kúrò, àti èyí tí ó jọ ara wa jù, àti èyí tí kòkòrò máa ń tètè pa dà. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ibi tí a lè ta ọfà sí.

Síbẹ̀, ẹni tí ó fi ibi tí ẹran wà hàn wá kò tíì pa ẹran. Ìṣirò lásán ni ìṣirò, títí ìdánwò yóò fi jẹ́rìí sí i. Àwọn abẹ́rẹ́ tí ó kọ́kọ́ jáde kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo, nítorí àrùn SARS ọdún 2003 ti kọ́ àwọn onímọ̀ pé ẹ̀gún ni ó yẹ kí a dojú kọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2020 ni wọ́n gún ẹni àkọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ ìdánwò ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù dán an wò lára àwọn ènìyàn tí ó ju 30,000 lọ nínú ìdánwò kan ṣoṣo. Yíyàn ni ó yá. Wọn kò fo ìdánwò.

Ìbéèrè kejì ni ó dùn mí jù. Àtẹ tí mo sọ yìí kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. A máa ń jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá. Kò sí ibi tí oríṣi rẹ̀ pọ̀ tó ti Áfíríkà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí kọ̀ǹpútà fi kọ́ṣẹ́, ara àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù ni a ti rí i. Ẹ̀rọ kò sì mọ ohun tí a kò fi hàn án. Nítorí náà, ìyá elélùbọ́ bi mí ní ohun tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń bi ara wọn.

Ǹjẹ́ ọpọlọ ni kò sí lọ́dọ̀ wa? Rárá o. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni a rí alárùn kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, ilé ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ti ka àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò náà tán, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ láti àwọn yunifásítì wa, tí Ọ̀mọ̀wé Oladipo Kolawole ti Yunifásítì Adeleke, ní Ẹdẹ kan náà, ṣáájú wọn, kéde pé àwọn ti fi àkọsílẹ̀ àwọn kòkòrò tí a rí ní Áfíríkà yan ohun tí a lè fi ṣe abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí a kọ́kọ́ gbà ní oṣù kẹta ọdún 2021, tí ó tó 3.94 mílíọ̀nù, láti Íńdíà ni ó ti wá.

Ẹlòmíràn lè wí pé rírà dín owó ju ṣíṣe lọ. Ẹ rántí pé nígbà tí àrùn gbilẹ̀ ní Íńdíà lọ́dún yẹn, wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró sí ilé tiwọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. N kò dá wọn lẹ́bi. Ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ sì wo ibà Lassa, tí a fi orúkọ ìlú kan ní Borno pè láti ọdún 1969: títí di òní, a kò rí abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tí a fọwọ́ sí fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wa ní Yaba ṣe abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí iṣẹ́ tó dúró níbẹ̀ ní ọdún 1991. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ àti May & Baker dá ilé iṣẹ́ Biovaccines sílẹ̀ láti tún un bẹ̀rẹ̀. Kí ìjọba má ṣe jẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ orí ìwé.

Àwa tí a ń gbé Kano ní ìdí láti fọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ pé ènìyàn 979 ni ó kú ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ níbí ní ìgbà ìjà kòrónà ọdún 2020, àti pé ó ṣeé ṣe kí kòrónà ló pa ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù sì wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1996, Pfizer dán oògùn Trovan wò níbí lára àwọn ọmọ tí àrùn yírùnyírùn kọlù. Ọmọ 11 nínú 200 ni ó kú. Àwọn òbí ní a kò là wọ́n lọ́yẹ̀ dáadáa. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n. Ní ọdún 2009, wọ́n bá ìjọba Kano parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú 75 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa ní Sabon Gari, ní Kaduna, ní Jos, àti níbi gbogbo tí ẹ wà, bí àwọn olùwádìí bá wá tọrọ ẹ̀jẹ̀ wa kí kọ̀ǹpútà lè mọ irú àtẹ tí ó wà lára wa, ẹ má ṣe sá, ẹ má sì ṣe kàn na apá lásán. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ó rán yín? Kí ni ẹ ó fi ṣe? Níbo ni ẹ ó tọ́jú rẹ̀ sí? Èrè wo ni yóò kan àwa náà? Kí wọ́n kọ èsì náà sílẹ̀ ní èdè tí a gbọ́. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ní tèmi, mo mọ ẹ̀bi mi. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé, n kò túmọ̀ ìdí rẹ̀. Bí mo bá tún dé ìsọ̀ ìyá elélùbọ́, orí àtẹ rẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.